Bẹ́árìn Ẹ̀rọ Ńlá, àti Àwọn Àṣìṣe tí ń Ba Á Jẹ́ nígbà tí a bá ń Fi Í sí Ipò



Nígbà tí a kéde ohun tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn kan bi wá léèrè pé, Kí ni ó pa àlùfáà pọ̀ mọ́ irin àti ọ́ìlì? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn wa kò sì gùn. Láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n, láti Ìpele títí dé Ìdóàní àti Òkèlúsè, ṣàṣà ni ìlú tàbí abúlé tí kò ní ẹ̀rọ kan tí àwọn ènìyàn ń jẹun lára rẹ̀: ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá, ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo àti ata, ẹ̀rọ tí ń fún epo, ẹ̀rọ tí ń la gẹdú sí pákó. Àwọn ọmọ ìjọ ni ó ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ ìjọ ni ó sì ń tún wọn ṣe. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, owó ilé-ìwé ọmọ a dá dúró, gbèsè a bẹ̀rẹ̀, ìjà a sì tẹ̀lé gbèsè. A ti jókòó ti irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, a sì ti rí i pé ohun kékeré kan ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí ó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́, tí à ń pè ní bẹ́árìn.

Àwa kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ohun tí a ó sọ ni èyí tí a kà nínú ìwé, tí a bi àwọn ọ̀gá iṣẹ́ léèrè, tí a sì fi ojú ara wa rí níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí ilẹ̀kùn àtijọ́, tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ láti ara odindi igi, tí kò ní ìdè irin rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan yọ ṣóńṣó nísàlẹ̀, ó sì yọ ṣóńṣó lókè, àwọn ṣóńṣó méjèèjì yìí ni ó sì ń yí nínú ihò, ọ̀kan nílẹ̀, èkejì lára àtẹ́rígbà. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń ké, ìyá ilé a ta epo díẹ̀ sí ihò náà, igbe a sì dákẹ́. Ihò yẹn ni bẹ́árìn; ibi tí ohun tí ń yí gbé ìwúwo rẹ̀ lé ni. Nínú ẹ̀rọ, ọ̀pá irin tí ń yí ni a ń pè ní ṣáàfù, ibi tí ṣáàfù sì sùn lé ni a ń wí.

Bẹ́árìn tí ojú mọ̀ jù lónìí ni èyí tí ó ní ọmọ roboto nínú, irú èyí tí ó wà nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ti ọkọ̀. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tí à ń wí ni èyí tí kò lọ́mọ nínú, tí ojú irin kan ń yọ̀ lórí ojú irin kejì. Bí ó bá jẹ́ òrùka odindi, àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní búúṣì. Bí ó bá jẹ́ ìlàjì méjì tí a pa dé ara wọn, wọ́n ń fi orúkọ ibi tí ó wà pè é, bẹ́árìn kọnírọ́ọ̀dù tàbí bẹ́árìn kiráńkì. Ẹ má ṣe rò pé nítorí tí kò lọ́mọ ni ó fi jẹ́ ohun ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀rọ tí ó wúwo jù lọ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé e. Òun ni ó gbé ẹ̀rọ omi tí ń pèsè iná mànàmáná ní Kainji, tí a ṣí ní ọdún 1969. Òun ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun. Ní ibi tí wọ́n sì ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà ọ̀dà, búúṣì idẹ ńlá ni ó wà nínú ẹ̀rọ onígbáàdù tí ń lọ òkúta wẹ́wẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí ó wà lẹ́yìn ilé àwọn onígaàrí wa, òun kan náà ni.

Báwo ni irin ṣe lè máa yọ̀ lórí irin ní ọdún mẹ́wàá kí ó má jẹ tán? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn rò pé ọ́ìlì kàn ń mú kí ó yọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ilá ti ń mú òkèlè yọ̀ lọ́fun. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Beauchamp Tower ni ó ṣàlàyé fún ayé, láìmọ̀ọ́mọ̀, ní ọdún 1883. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́ pé kí ó wádìí bí bẹ́árìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe ń yọ̀. Ó gbé bẹ́árìn lé orí ṣáàfù, ó fi ẹrù wúwo tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ṣáàfù máa wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà ni ó lu ihò kan sí òkè bẹ́árìn, kí ó lè máa ti ibẹ̀ ta ọ́ìlì sí i. Ṣùgbọ́n bí ṣáàfù ti ń yí, kàkà kí ọ́ìlì wọlé láti òkè, ó ń tú jáde. Ó fi kọ́ọ̀kì dí ihò náà. Ọ́ìlì tì í jáde. Ó fi èèkàn igi dí i. Ọ́ìlì tún tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni ó so ohun tí ń wọn agbára mọ́ ọn, ó sì rí i pé agbára ọ́ìlì ní ibi tí ẹrù ti wúwo jù ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ẹrù náà lọ, bí a bá pín ẹrù náà káàkiri ojú bẹ́árìn. Ní ọdún 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣe àlàyé rẹ̀: ṣáàfù tí ń yí a máa fa ọ́ìlì wọ inú àyè tí ń fún lọ, ọ́ìlì náà kò sì rí ibi tí yóò sá gbà, nítorí náà a gbé ṣáàfù sókè. Irin kò kan irin mọ́. Ọ́ìlì ni ó ń gbé ẹrù.

A ti dúró pẹ́ lórí èyí, nítorí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò tún ní máa há òfin sórí bí ọmọ ilé-ìwé. Gbogbo àṣìṣe tí a ó kà lónìí jẹ́ ọ̀nà kan tàbí òmíràn láti lé ọ́ìlì kúrò ní ibi tí ó ti ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì náà sì fẹ́lẹ́ púpọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì, bí ṣáàfù bá nípọn tó mìlímítà 50, àyè tí a fi sílẹ̀ láàrin òun àti bẹ́árìn sábà máa ń súnmọ́ mìlímítà 0.05, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìnípọn ṣáàfù. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí kì í sáré, tí ó sì ń lo gíríìsì, a máa gba àyè tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé náà ni kí a sì tẹ̀lé.

Nípa ohun tí a fi ṣe bẹ́árìn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó. Idẹ kì í ṣe àlejò ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ ti lókìkí láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, púpọ̀ nínú búúṣì sì ni idẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́árìn ẹ́ńjìnnì a máa ní ìbòrí irin funfun rírọ̀ kan, tí Isaac Babbitt ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1839. Tánganran ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé irin rírọ̀ kò lè dára fún iṣẹ́ líle. Òdìkejì ni òtítọ́. A mọ̀ọ́mọ̀ mú un rọ̀ ni, kí iyanrìn kékeré tí ó bá wọlé lè rì sínú rẹ̀ dípò kí ó máa ha ṣáàfù, kí ó sì jẹ́ pé bí ọjọ́ búburú bá dé, bẹ́árìn tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni yóò bàjẹ́ kí ṣáàfù olówó iyebíye tó bàjẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn iná: bí ooru bá dé bí ìwọ̀n Sẹ́sìọ̀sì 240, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí à ń lò ní abúlé ni a ṣe ní àwòrán ti ilé-iṣẹ́ Lister ní Dursley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí tí ń rọra yí ní ọdún 1929. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ní agbára ẹṣin mẹ́fà, ó sì ń yí ní ìgbà 650 láàrin ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Rajkot ní Íńdíà kò dáwọ́ dúró ní ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísùúrù ni. Ó lè pẹ́ ju ẹni tí ó rà á lọ, bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa pa á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀kan tí a fi ọwọ́ pa. Ní abúlé kan ní ìhà Ọ̀sẹ̀, tí a kò ní dárúkọ, àwọn obìnrin kan da owó jọ, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá pẹ̀lú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, inú ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ẹni pé ènìyàn ń fi òòlù lù ú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì. Wọ́n pe atúnṣe kan. Ó tú u, ó sì rí i pé àyè ti pọ̀ jù láàrin ṣáàfù àti bẹ́árìn kọnírọ́ọ̀dù. Bóyá kò rí bẹ́árìn tuntun rà ni o, bóyá kò fẹ́ ná owó rẹ̀ ni o, a kò mọ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gé agolo, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn bẹ́árìn àtijọ́ kí ó lè fún, ó sì dè é pa. Ìró náà dákẹ́. Ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí gbágùúdá ọjọ́ ọjà kún ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà dúró lójijì, apá irin inú rẹ̀ ṣẹ́, ó sì la ara àpótí rẹ̀ jáde. Irin náà fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tí ń ti gbágùúdá sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa ni èyí. Kí ó tó di ìgbà náà, àgbà obìnrin kan nínú wọn ti bá wọn jà lórí pípín owó, ó sì ti fi ìbínú wí pé ẹ̀rọ náà kò ní ṣe wọ́n ní àǹfààní. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, ojú gbogbo ènìyàn yí sí i. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, wọn kò kí i mọ́ ní ọ̀nà odò, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́ nípa ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá, a ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn irin tí ó bàjẹ́ wá ná. A bẹ àgbà oníṣẹ́ kan, ó sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì níwájú wọn. Agolo náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ sì hàn ní etí. Ó fi hàn wọ́n bí agolo náà ti bo ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú bẹ́árìn. Ó fi hàn wọ́n pé ìdajì ẹ̀yìn bẹ́árìn nìkan ni ó kan ibi tí ó jókòó sí, ìdajì yòókù sì wà lófuurufú, tó bẹ́ẹ̀ tí ooru kò rí ọ̀nà gbà jáde. Irin funfun náà ti yọ́, ó ti ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ti dì bí ìda àbẹ́là. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n lọ bẹ ìyá náà ní ọjọ́ kejì. Ó gba ẹ̀bẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò padà sínú ẹgbẹ́ náà mọ́.

Agolo, bébà, awọ, pépà sìgá: a ti gbọ́ pé gbogbo rẹ̀ ni àwọn kan ń tẹ́ sí ẹ̀yìn bẹ́árìn. Kò sí ọ̀kan tí ó tọ́. Ẹ̀yìn bẹ́árìn ni kí ó mọ́ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, kí ó sì gbẹ. Àní eruku kan ṣoṣo níbẹ̀ a gbé ojú bẹ́árìn sókè bí òkìtì kékeré, ọ̀gangan òkìtì náà ni ọ́ìlì yóò sì ti kọ́kọ́ tán. A rántí ibi tí wọ́n ti ń la pákó kan, tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ gedegbe ní àkókò ọyẹ́, tí eruku pákó sì ń rọ̀ sórí irin bí ìyẹ̀fun. Bí a kò bá lè ṣiṣẹ́ nínú ilé, kí a ta aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì fọ ọwọ́.

Àbíkejì àṣìṣe agolo ni kí a fi fáìlì ha ẹnu ìdérí bẹ́árìn, kí ó lè súnmọ́ ṣáàfù, tàbí kí a ha etí bẹ́árìn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlàjì bẹ́árìn tuntun sí ipò rẹ̀, ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ yọ díẹ̀ ju ẹnu irin tí ó jókòó sí lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣìṣe ẹni tí ó ṣe é ni, wọ́n a sì fi fáìlì pa á rẹ́. Kì í ṣe àṣìṣe. Yíyọ díẹ̀ yẹn ni ó ń mú kí ìlàjì méjèèjì tẹ ara wọn mọ́ ilé wọn nígbà tí a bá dè wọ́n. Ẹ ha á kúrò, bẹ́árìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú ṣáàfù, ihò rẹ̀ yóò sì kúrò níwájú ihò ọ́ìlì. Ní ti àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí a fi pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín ẹnu ìdérí wọn láti ìgbà tí a ti ṣe wọ́n, ọ̀tọ̀ ni ti wọn: a lè yọ pẹlẹbẹ kan ní ọ̀tún àti ọ̀kan ní òsì bí bẹ́árìn bá ti jẹ díẹ̀, nítorí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó fún wa ní àyè náà.

Àwọn ìdérí pẹ̀lú ní ipò wọn. A lu ihò wọn papọ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni, nítorí náà ìdérí kejì kò lè jókòó dáadáa ní ipò ìdérí kìn-ín-ní, a kò sì gbọdọ̀ yí ọ̀kan padà sẹ́yìn. Nọ́ńbà a máa wà lára wọn. Bí kò bá sí, kí a sàmì sí wọn kí a tó tú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlàjì bẹ́árìn: ọ̀kan lè ní ihò àti ojú-ọ̀nà ọ́ìlì, kí èkejì má ní. Ẹni tí ó bá gbé wọn sí ipò ara wọn ti dí ọ̀nà ọ́ìlì pátápátá. Kí a fi ojú wo ihò, kí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá nínú rẹ̀, kí ó dá wa lójú.

Èyí sì mú wa rántí àwọn tí ń gé ojú-ọ̀nà ọ́ìlì sínú búúṣì fúnra wọn. Èrò wọn dára, wọ́n ní kí ọ́ìlì lè dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n wọ́n a gé e sí ibi tí ẹrù ti wúwo jù. Ẹ rántí èèkàn igi Tower. Ibi tí ọ́ìlì ti ní agbára jù ni ẹ ti là ọ̀nà ìsálọ fún un. Ẹ dà bí ẹni tí ó lu ihò sí ìdí garawa omi. Ojú-ọ̀nà ọ́ìlì yẹ kí ó wà ní ìhà tí ẹrù kò ti tẹ̀ ẹ́, kí ó má sì la ẹ̀gbẹ́ búúṣì já.

Nísinsìnyí, òòlù. A kò mọ irin-iṣẹ́ tí ó ti ba búúṣì jẹ́ tó o. Búúṣì a máa tóbi díẹ̀ ju ihò tí yóò wọ̀ lọ, kí ó lè fún mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí kò bá sì wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára a gbá a. Ẹnu rẹ̀ a fẹ̀, ó lè wọ́, ó sì lè sán. Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ wá bóòtì gígùn kan, ẹ kì í bọ inú búúṣì àti inú ihò rẹ̀ já, ẹ fi irin pẹlẹbẹ bo orí méjèèjì, kí ẹ sì máa yí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Búúṣì yóò wọlé tààrà láìsí ariwo. Bí ẹ bá rọra mú ilé rẹ̀ gbóná, tàbí tí ẹ gbé búúṣì sínú yìnyín fún ìgbà díẹ̀, yóò tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí púpọ̀ kò sì mọ̀ ni pé bí búúṣì bá ti wọlé tán, inú rẹ̀ a fún sí i. Ṣáàfù tí ń yọ̀ geere nínú rẹ̀ lórí tábìlì lè má wọ̀ ọ́ mọ́. Kí a wọn inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti wọlé, kí a sì fi irinṣẹ́ tí ó yẹ fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n. Kí a má ṣe fi agbára ti ṣáàfù gbà á.

Kí a wọn ṣáàfù pẹ̀lú. Bẹ́árìn tuntun lórí ṣáàfù tí ó ti jẹ dà bí kí a dá ẹ̀wù tuntun fún ẹni tí a kò wọn. Kí a wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà méjì tí ó dábùú ara wọn, ní orí àti ní ìdí ibi tí bẹ́árìn yóò gbé e, nítorí ó lè ti di ẹlẹ́yin. Bí kò bá yí roboto mọ́, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń lọ kiráńkì, kí a sì ra bẹ́árìn tí a ṣe fún ṣáàfù tí a ti lọ̀: ìwọ̀n 0.25 tàbí 0.50 mìlímítà sábà máa ń wà lára ẹ̀yìn rẹ̀. Owó ọkọ̀ dé ibẹ̀ a dunni. Owó ẹ́ńjìnnì mìíràn dunni jù.

A tún gbọ́ nípa àwọn tí ń fi sánpépà tàbí ọ̀bẹ gé ojú bẹ́árìn tuntun kí ó lè wọ̀. Àwọn àgbà oníṣẹ́ a máa fi ọ̀bẹ gé irin funfun tí ó nípọn, ìmọ̀ ńlá sì ni: wọn a pa nǹkan dúdú mọ́ ṣáàfù, wọn a yí i nínú bẹ́árìn, ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ ni wọn a sì rọra gé, títí dúdú yóò fi kan ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìbòrí ojú bẹ́árìn òde òní fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, ó ti tán. Iyanrìn ara sánpépà a sì rì sínú irin rírọ̀ náà, a jókòó síbẹ̀, a sì máa jẹ ṣáàfù lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń dè é, kí a fi ọ́ìlì mímọ́ pa ojú bẹ́árìn àti ṣáàfù, kí ẹ̀yìn bẹ́árìn gbẹ. Kí a dè bóòtì ọ̀tún díẹ̀, kí a dè ti òsì díẹ̀, kí a tún padà sí ọ̀tún, kí a sì fi ọwọ́ yí ṣáàfù lẹ́yìn ìdè kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá le, kí a dúró, kí a tú u wò. Ìwé ẹ̀rọ a máa sọ iye agbára tí a ó fi dè é, sípánà tí ń wọn agbára náà sì wà lọ́jà. Ẹni tí ó ń ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè fún un dáadáa ń na bóòtì náà ni, bóòtì tí a nà kò sì dára mọ́.

Ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó àti ibi tí wọ́n ti ń fún epo, ṣáàfù gígùn a máa wà lórí bẹ́árìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá ga, tàbí tí ọ̀kan bá rì, etí bẹ́árìn nìkan ni yóò máa gbé ẹrù, ọ́ìlì kò sì ní dúró ní etí. Ilẹ̀ ni ó máa ń fa èyí jù. A ti rí ẹ́ńjìnnì tí a dè mọ́ pákó lórí ilẹ̀ pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo rẹ̀ gún, nígbà òjò ẹ̀gbẹ́ kan rì, bẹ́árìn sì ń jẹ lọ́dọọdún láìsí ẹni tí ó mọ ìdí. Ìpìlẹ̀ kọnkéré ni ó yẹ. Kí a ta okùn tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí a wọn bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan sí i, kí a tó dè wọ́n. Kí a má sì fa bẹ́líìtì le ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí bẹ́líìtì tí ó le jù ń fi ẹrù kún ẹrù bẹ́árìn tọ̀sán-tòru.

Ìyá kan bi wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá bóyá a kò lè máa ta epo pupa sí búúṣì, nígbà tí àwọn ìyá wa ń ta á sí ilẹ̀kùn. Ìbéèrè náà ní ìtàn nínú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo ọ̀pẹ tí wọ́n kó láti etíkun wa ni wọ́n pò mọ́ ọ̀rá láti fi ṣe gíríìsì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n epo pupa a máa kan, a máa dì bí oje, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń mú kí ó tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn lè gbà á. Ẹ́ńjìnnì kò gbà á. Èyí tí ó burú jù ú lọ ni ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ̀m, tí àwọn kan ń tà nínú ike fún aláìní. Èérún irin ẹ́ńjìnnì mìíràn ni ó kún inú rẹ̀.

Bí a bá ti dè é tán, kí a má ṣe ta á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí a sì kó gbágùúdá ọjọ́ ọjà lé e lórí. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìtan iná sí i, kí ọ́ìlì lè dé ibi tí ó ń lọ. Kí a wá ta á, kí ó yí lófìfo fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a pa á, kí ó dúró pátápátá, kí a sì fi ọwọ́ kan ara ilé bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí ọ̀kan nígbà tí àwọn yòókù lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohun kan wà nínú ọ̀kan náà, kí a tú u ní ọjọ́ náà gan-an. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, kí a fún un ní iṣẹ́ díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù kí ó tó pẹ́, kí a sì da tuntun sí i. Kí a wo ọ́ìlì tí a dà nù nínú oòrùn: bí ó bá ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ojú bẹ́árìn ni ó ń bọ́.

A ti kó ìlàjì bẹ́árìn mẹ́rin sórí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, méjì tuntun, méjì tí ó ti jóná, pẹ̀lú abẹ irin tí a fi ń wọn àyè. Kí àwọn ọ̀dọ́ wá gbé wọn lọ́wọ́ wò, kí wọ́n fi èékánná kan irin funfun náà. Ọ̀gá oníṣẹ́ tí ó mú wọn wá yóò sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí àwa kò lè dáhùn.